Pẹ́pẹ́yẹ Tó Ń Fẹ́ Ẹni Méjì

Àwọn ará àdúgbò ní orí wa ò pé, èmi àti àbúrò mi Fadérera, nítorí pé a máa ń tú ohun ìṣeré ọmọdé, a ó so wáyà inú rẹ̀ pọ̀ síbi tí kò yẹ, a ó sì fi igbe rẹ̀ ṣe orin. Mo so ìṣó méjì mọ́ wáyà inú pẹ́pẹ́yẹ oníke kan tó ń lo bátìrì, mo sì jẹ́ kí orí wọn yọ síta. Bí mo bá di ọ̀kan mú, tí Fadérera di èkejì, tí a sì di ara wa lọ́wọ́ mú, á máa ké. Bí ọwọ́ bá làágùn, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá gbẹ, á wálẹ̀. Bí a bá ti jáwọ́, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Alẹ́ ọjọ́ òjò kan, iná lọ. Fadérera jáde lọ ra àbẹ́là. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi nínú òkùnkùn.

“O ti dé? Wá di ìṣó ẹ mú jàre.” Mo di ìṣó tèmi mú, mo na ọwọ́ kejì sẹ́yìn.

Ọwọ́ kan bọ́ sínú tèmi. Pẹ́pẹ́yẹ ké, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé tábìlì ń gbọ̀n.

“Ọwọ́ ẹ mà gbẹ o!”

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ fi tilẹ̀kùn mọ́ mi síta? Òjò ń pa mí!” Fadérera ni.

Mo ju ìṣó sílẹ̀, mo já ọwọ́ mi gbà.

Pẹ́pẹ́yẹ náà kò dákẹ́.