Kọ̀ǹpútà Wọ Sítọ́ọ̀ Ìyá Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọ sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn náà. Ilé ìwòsàn kékeré ni: ogún bẹ́ẹ̀dì péré, ilé ìdáná kan, yàrá ìfọṣọ kan. Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ti fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọṣẹ, òwú tàbí ìbọ̀wọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, á nà án wọlé, obìnrin náà á fi í kọ́ ìṣó. Tó bá di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrù á jáde. Ìyá Ojú Fèrèsé ni gbogbo wọn ń pè é.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn kó wọn jọ.

"Láti òní lọ, kálukú á máa tẹ ohun tó bá fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ti sítọ́ọ̀ á tẹ gbogbo ẹ̀ jáde. Oṣù kan la fi máa dán an wò. Tí àṣìṣe ẹ̀ bá pọ̀, màá dá a padà fún ẹni tó tà á. Tó bá ṣe dáadáa, Ìyá á lọ máa sinmi nìyẹn."

"Sinmi bíi ti báwo?" ni alásè béèrè.

"Sinmi nílé."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ojú Fèrèsé. Ó ń tún ìborí rẹ̀ so. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn ni dókítà yìí kan náà ti sọ fún un pé òun ò lè fún un ní ìsinmi, pé tí kò bá sí níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ilé ìwòsàn á dẹnu kọlẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà tí ẹni tó tà á rán wá fi kọ́ wọn. Àwọn yòókù da ìbéèrè bò ó. Ìyá bi í ní méjì péré.

"Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i?"

Ó fi hàn án.

"Tí èèyàn bá wá ṣì í tẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń pa á rẹ́?"

Mátírọ̀n gbójú sílẹ̀. Àánú ìyá náà ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn mẹ́ta forí jọ ní yàrá ìfọṣọ: mátírọ̀n, alásè àti alágbàfọ̀.

"Ọwọ́ ìyá yẹn ni mo ti gba ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ àkọ́kọ́ níbí," ni alágbàfọ̀ wí. "Àpótí tó ń tàn yòò kọ́ ló máa lé wọn."

"Kí la máa wá ṣe?" ni mátírọ̀n béèrè.

"Ìranù la máa tẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mẹ́wàá, kó tẹ ẹgbẹ̀rún. Kí dókítà rí wèrè tó rà."

"Kí aláìsàn wá máa sùn sórí fóòmù lásán?"

"Rárá o. Ẹ kọ òótọ́ ibẹ̀ sínú ìwé, ẹ fún Ìyá lábẹ́lẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ti ṣi nǹkan ṣe, ìwé wa wà nílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ìyá gba ìwé wọn lójú fèrèsé, ó dúpẹ́, ó rọra kó wọn sápò.

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ dán an wò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ló fẹ́, ó tẹ ẹgbẹ̀rún. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ pọ ìwé jáde: aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mẹ́wàá.

"Ẹgbẹ̀rún ni mo tẹ̀ o," ó sọ fún alásè ní jẹ́jẹ́.

"Bóyá ojú ẹ ti ń ṣú."

"Ojú mi! Ojú tí mo fi ń rí àbàwọ́n láti ẹnu ọ̀nà?"

Alásè náà dán an wò. Ọṣẹ abọ́ ló fẹ́, ìbọ̀wọ́ ló tẹ̀. Ọṣẹ abọ́ ló wá bá a. Ní ọjọ́ Ẹtì, mátírọ̀n ò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan. Òwú dé, ìbọ̀wọ́ dé, iye tó fẹ́ gẹ́lẹ́.

"Nǹkan yìí lójú," ni mátírọ̀n wí. "Ó mọ ohun tó wà nínú mi."

"Kó má mọ tèmi o," ni alásè dáhùn. "Mo níyàwó nílé."

Wọ́n pe ọmọbìnrin oníkọ̀ǹpútà. Òun náà wo ẹ̀rọ títí, ó họrí, ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é dáadáa ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi bá a wọ̀yá ìjà. Aago méje ààbọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni yòówù kó kọ́kọ́ dé, Ìyá ló máa bá nílẹ̀, fèrèsé ti ṣí, ìyá ń gbálẹ̀ sítọ́ọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà," ni alágbàfọ̀ máa ń sọ. "A ò tíì káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ yín."

"Mo rí i, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó sú wọn, ẹ̀rọ náà sì ti ń bà wọ́n lẹ́rù díẹ̀. Alágbàfọ̀ ń tẹ mẹ́wàá tó bá fẹ́ mẹ́wàá. Alásè ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Mátírọ̀n ò kọ ìwé kankan mọ́.

Lọ́jọ́ tí oṣù pé, dókítà dúró láàárín wọn.

"Àṣìṣe kan ṣoṣo, kò sí."

Alásè sunkún, kò sì fi pamọ́. Mátírọ̀n di Ìyá mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ẹ máà bínú sí wa, Mà. Gbogbo ohun tá a lè ṣe la ṣe."

"Ẹ ṣe é. Ẹ tiẹ̀ ṣe é jù," ni Ìyá wí, ó sì fi etí ìborí nu ojú.

Wọ́n sìn ín dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti bí ìbejì láti ọdún tó kọjá tí Ìyá ò tíì ráyè lọ gbé, pè é lórí fóònù láti béèrè bóyá dókítà ti gbà lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá sì dá a lóhùn pé, "Ó gbà pátápátá, gbé omi ìwẹ̀ mi kaná, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí mò ń pa gbogbo ìranù táwọn ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ rẹ́, tí mò ń tẹ òótọ́ sí i, kí kọ̀ǹpútà yẹn tó yege."