Ọmọ Tó Ń Gbàgbé Èémí

"Mí," ni mo wí. Gbádégẹsin sì mí.

Mo da omi gbígbóná sórí ògì, mo ń rò ó. "Mí."

Oògùn ikọ́ tí ọmọkùnrin mi ń mu bí ẹni mu ọtí ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ débi pé ó ń gbàgbé èémí. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ló ń rán an létí, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá gbọ́ ohùn ìyá tàbí ti ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ sínú fóònù kò ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀yìn ògiri, mò ń gbọ́ aládùúgbò wa tí òun náà ń sọ fún ọmọ tirẹ̀ pé kó mí.

Ohùn mi ti há. Ọmọ́yẹni, àbúrò Gbádégẹsin, wọlé.

"Màámi, ẹ lọ sùn. Ó kàn mí."

Bó ṣe ń gba síbí lọ́wọ́ mi, mo gbọ́ òórùn oògùn ikọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ́yẹni, kí lo mu?"

Ó jókòó, ojú rẹ̀ ń pa dé lọ.

"Mí," ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo di èjìká Ọmọ́yẹni mú. "Ìwọ náà, mí."