Àwòrán Òdòdó Inú Fóònù

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọge yìí ṣègbéyàwó, kò sì tíì rí òdòdó tí yóò gbé dání.

Ó ní funfun ti sú òun. Ó ní pupa ń pariwo jù.

Ìyá Olódòdó ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ojú ẹ̀ ti rí ìyàwó tó le ju èyí lọ.

"Mà, mo ti rí i." Ọmọge náà na fóònù sí i. "Irú èyí gan-an ni kẹ́ ẹ bá mi ṣe."

Ọwọ́ méjì ló di òdòdó mú nínú àwòrán náà. Kò sí ojú níbẹ̀.

Ojú Ìyá Olódòdó bọ́ síbi tí wọ́n ti dì í. Wọ́n lọ́ ríbọ́ọ̀nù yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wá ki etí ẹ̀ bọ abẹ́.

Bí òun náà ṣe máa ń dì í nìyẹn. Ẹnì kan péré ló fi hàn láyé ẹ̀.

Ó rọra fa àga, ó jókòó.

"Àbí kò ní ṣeé ṣe, mà?"

"Á ṣeé ṣe. Ìyàwó yìí, ṣé inú ẹ̀ dùn?"

"Ẹ wò ó." Ọmọge náà fi ìka kan fóònù, odidi àwòrán bá yọ.

Ọmọ Ìyá Olódòdó ni ìyàwó náà. Ọdún mẹ́rin rèé tó ti bínú kúrò nílé, tí kò pè.

"Ìyá ẹ̀ ló dúró tì í yẹn. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe jọra?"

Ìyá Olódòdó wo obìnrin náà títí. Kò mọ̀ ọ́n rí.

"Wọ́n jọra," ló wí, ó sì ní kí ọmọge na ọwọ́ wá kóun wọ̀n ọ́n fún òdòdó náà.