Ohun tí Eyín Bàbá Láníhùn Sọ

Bàbá Láníhùn la ẹnu, ẹ̀rọ kékeré kan ní ilé ìwòsàn eyín sì ń ha eyín rẹ̀ jẹ́jẹ́, bó ti máa ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá ka ohun tí ẹ̀rọ rí nínú èérí eyín náà.

"Bàbá, oṣù mẹ́rin rèé tí ẹ ò ti jẹ oúnjẹ gidi. Tíì àti bisikíìtì nìkan ni."

"Jọ̀ọ́, má fi èsì yìí ránṣẹ́ sí ọmọ mi."

"Òfin ni pé kí ọmọ rí èsì òbí tó ti dàgbà, Bàbá. Á dé ọwọ́ ọmọ yín kí ẹ tó délé."

Bàbá fi omi ṣan ẹnu, ó sì fi fóònù pe ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Fadérera, irọ́ ni mò ń pa fún ọ pé mò ń jẹun dáadáa. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun."