Ẹ̀ẹ̀kan Láyé Ni Ààfin Àgbàdo

"Nínú gbogbo ọkọ tó wà ní Amẹ́ríkà, ta ló tó Láoyè?" Láoyè na ẹsẹ̀ gbọọrọ nínú mọ́tò tó ń wa ara rẹ̀ lọ, ó ń fọ́nnu fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn. "Òfin ní ẹ̀ẹ̀kan péré léèyàn lè wo ohun àrà kọ̀ọ̀kan láyé. Látìgbà ìgbéyàwó lèmi àti Mosúnmọ́lá ti tọ́jú ẹ̀ẹ̀kan tiwa pamọ́, ká lè jọ wo Ààfin Àgbàdo, ilé ńlá tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ògiri rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́!"

Ìyá wúkọ́ díẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ẹ̀rọ wo ojú Láoyè, ó ní kó wọlé. Ó wo ojú Mosúnmọ́lá, ó kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà: "Ẹ kú àtijọ́, mà! Ẹ ti wò ó lọ́dún tó kọjá. Ẹ padà sí mọ́tò."

Láoyè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Fọ́tò tá a jọ ń wò, tó o ń pariwo 'Háà!' bí ẹni tí kò débẹ̀ rí ńkọ́? Ta ló mú ọ wá?"

"Bàbá Tòmíwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Mosúnmọ́lá wí, ó sì ń wo ìyá rẹ̀ tó ṣì jókòó sẹ́yìn mọ́tò.

Ìyá tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Èmi ni mo ní kó sìn mí wá, àna mi. Ẹ má da ara yín láàmú. Àgbàdo lásán ni."