Ilẹ̀kùn Tó Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀

Láràárọ̀ ni Morádéùn àti Látúndé ọkọ rẹ̀ máa ń lọ síwájú ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Kókó kan hù sábẹ́ ọpọlọ Morádéùn, ó ń tẹ iṣan ojú, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò gbọdọ̀ wọlé, torí irú wọn kì í tètè gbádùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Morádéùn yóò ti ìka bọ ihò ara ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀jẹ̀ yín kò tíì tó. Ẹ padà wá lọ́la."

"Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ ti sú mi," ló sọ láàárọ̀ òní. "Bàbá Ìbídùn, bí ojú yìí bá fọ́ tán kí ẹ̀jẹ̀ tó pé ńkọ́?"

Látúndé fà á sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Ṣáà tún fìka bọ̀ ọ́ ná."

Ó fìka bọ̀ ọ́. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó yí padà bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, ó ń fọwọ́ wá ògiri tí yóò tọ̀ jáde.

Látúndé dì í lọ́wọ́ mú. "Ibo lò ń lọ? Ilẹ̀kùn ti ṣí."

Morádéùn kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún.

"Mú mi wọlé," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí."