Ìgò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ìgò ń kùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Pedro.

Látìgbà tí sójà ti gbàjọba ni bíà ti wọ́n bí ojú, lèmi àti ọkọ mi bá pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo. A ò pọn ọtí rí láyé wa.

"Bàbá Bámilóyè, ṣé bó ṣe máa ń kùn nìyí?"

"Èmi náà ò mọ̀. Rọra sọ̀rọ̀, Kọ́púrà wà nílé."

Kọ́púrà Ṣàkírù ni sójà tó kó wá sí yàrá iwájú wa. Gbogbo wa ń tò fún omi, òun kì í tò. Lánàá, bàbá onílé ní kó tò, ló bá ní kí bàbá arúgbó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Tó bá rí ọtí yìí, a gbé!

Mo ní kí n dẹ kọ́ọ̀kì kan.

Gbòà! Ìgò bẹ́.

Gbòà! Ìkejì náà bẹ́.

Gbogbo ilé dojú bolẹ̀.

Ohùn kan ń ké ní yàrá iwájú:

"Ẹ má yìnbọn, ọ̀gá sójà! Aṣọ àbúrò mi ni mo wọ̀! Èmi ò ṣe sójà rí!"

Bàbá onílé ló kọ́kọ́ dìde.

"Ṣàkírù, jáde wá fò."

Ọkọ mi tọ́ èyí tó ṣẹ́kù wò, ó fajú ro. "Ó kan!"

Kó kan. Ọtí wo lẹ mọ̀ tó ń mú èèyàn sọ òótọ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀?